Ìràwọ̀ Bọ́mà: Idẹ Tí Kò Dárúkọ Ẹni Tó Ni Ín

Idẹ kékeré kan ni ọ̀rọ̀ àsọyé wa dá lé lórí lónìí. Igun mẹ́fà ló ní. Bí a bá fi rúlà wọ̀n ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, mìlímítà 44 ni yóò jẹ́, ìbú rẹ̀ yóò sì jẹ́ 38. Lẹ́tà G, R àti I wà láàárín rẹ̀, wọ́n fi wọ́n kọ́ ara wọn, wọ́n sì fi nọ́ńbà 6 ti àwọn ará Róòmù sí i. Àmì George Kẹfà nìyẹn, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tún jẹ́ olú-ọba Íńdíà nígbà ogun Hítílà. Òrùka kan yí àmì ọba yìí ká, THE BURMA STAR ni wọ́n kọ sára òrùka náà, adé sì wà lókè rẹ̀. Ìràwọ̀ Bọ́mà ni à ń sọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi dá àwọn tó jagun ní Bọ́mà lọ́lá, orílẹ̀-èdè tí ayé ń pè ní Myanmar báyìí, láti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1941 títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1945. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká yí idẹ onígun mẹ́fà yìí padà, ká wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn náà tẹ́jú lásán ni. Kò sí orúkọ, kò sí nọ́ńbà sójà, kò sí orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun kankan níbẹ̀.

Ẹ̀yìn òfìfo yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Lójú tèmi, àmì ogun jẹ́ ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí, bí ìwé òfin tàbí ìwé owó-orí ṣe jẹ́ ìwé ìjọba. Ohun tí ìjọba kọ síbẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, síbẹ̀ kí ohun tí ó fi sílẹ̀ láì kọ máa ṣe ẹnìkan ju ẹlòmíràn lọ. Ìràwọ̀ Bọ́mà sọ ibi tí wọ́n ti jagun, ó sì sọ ọba tó ni ogun. Ẹni tó jà á nìkan ni kò sọ. Kì í ṣe pé wọ́n gbàgbé o. Wọ́n jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n sì fẹnu kò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí. Ìpinnu yẹn kò dun ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó padà sí Liverpool tó bí ó ṣe dun ọmọ Nàìjíríà tó padà sí Ọ̀wọ̀ tàbí Kàtsínà, nítorí pé ohun mìíràn tó lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ tí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pọ̀ nílẹ̀, ti ọmọ Nàìjíríà kò sì tó nǹkan.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò dúró de ìparí ogun kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìràwọ̀. Ní 1943 ni wọ́n kéde méjì àkọ́kọ́, 1939–43 Star àti Africa Star. Bí ogun ṣe ń ràn ni wọ́n ń fi kún un, nígbà tí ìbọn sì dákẹ́ ní 1945, ìràwọ̀ ti di mẹ́jọ. Ẹ̀dà kan náà ni gbogbo wọn: bàbà tí wọ́n pò mọ́ zinc títí ó fi pọ́n, igun mẹ́fà, àmì ọba kan náà láàárín. Orúkọ tó wà lára òrùka ló ń yàtọ̀, àti aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń gbé e kọ́ àyà, èyí tí a ń pè ní ríbọ́nì. Ọba George fúnra rẹ̀ ni wọ́n ní ó ṣètò àwọ̀ àwọn ríbọ́nì náà, kò sì fi ṣeré. Ti Africa Star dà bí iyanrìn aṣálẹ̀, pupa tó wà láàárín rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, búlúù dúdú jẹ́ ti orí omi, búlúù tó mọ́lẹ̀ jẹ́ ti òfuurufú. Ti Bọ́mà ní pupa gbòòrò láàárín, tó dúró fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àsíá rẹ̀. Búlúù dúdú wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ilà tó ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n sì la àárín búlúù kọ̀ọ̀kan kọjá. Oòrùn ni àwọ̀ ọsàn yẹn dúró fún. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ohun tí ríbọ́nì yìí sọ, oòrùn àti ọmọ ogun lápapọ̀ ló sọ. Kò ní àwọ̀ kankan fún ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun náà ti wá.

Orúkọ lè tan ènìyàn jẹ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ìràwọ̀ yìí. Africa Star kì í ṣe ti gbogbo Áfíríkà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wọ Mogadishu ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1941, tí wọ́n gba ọ̀nà àárín òkè tí wọ́n ń pè ní Marda kọjá, tí wọ́n sì wọ Harar ní Etiópíà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹta, ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹni tó fi gbogbo ogun ṣọ́ èbúté Èkó kò ní ẹ̀tọ́ sí i rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú Áfíríkà gan-an ló wà. Winston Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mọ̀ pé irú nǹkan báyìí yóò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ àmì ẹ̀yẹ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1944, ó ní àmì ẹ̀yẹ a máa dán, ṣùgbọ́n ó tún máa ń ní òjìji. Àwọn tí ààlà yóò yọ sílẹ̀ ló ń rò. Ó dá mi lójú pé òjìji náà gùn ju ibi tí ó fojú sí lọ, nítorí ó bo àwọn tó wà nínú ààlà pàápàá mọ́lẹ̀, àwọn tí wọ́n fún ní ìràwọ̀ láì fi orúkọ sí i.

Kí a tó dá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́bi, ó yẹ ká wo ohun tí wọ́n ṣe nínú ogun tó ṣáájú, torí ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ìràwọ̀ yìí yóò ti rí ẹ̀rí tó lágbára jù. Lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, wọ́n ṣe àmì kan tó ń jẹ́ British War Medal. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ṣe. Fàdákà ni, orí ọba George Karùn-ún wà ní ojú kan, ọkùnrin oníhòòhò kan lórí ẹṣin wà ní ojú kejì, ẹṣin náà ń tẹ asà àwọn ará Prussia mọ́lẹ̀. Wọ́n fín nọ́ńbà, ipò àti orúkọ ẹni tó ni ín sí etí rẹ̀. Èyí dára. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe bíi 110,000 tó jẹ́ bàbà, àwọn òṣìṣẹ́ ogun láti Ṣáínà, Íńdíà, Málítà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n sì fún, àwọn tó gbé ẹrù, tó gbẹ́ kòtò, tó la ọ̀nà. Àwọn òṣìṣẹ́ dúdú láti Gúúsù Áfíríkà ò rí bàbà náà pàápàá gbà, nítorí ìjọba tiwọn kọ̀ jálẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbà á, nígbà tí àwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ kan náà láti Basutoland, Bechuanaland àti Swaziland gba tiwọn. Ẹni tó bá gbé ọ̀pá òṣùwọ̀n yìí dání dé 1945 yóò rí i pé ìtẹ̀síwájú ti wà. Kò sí ìràwọ̀ fàdákà fún òyìnbó àti ìràwọ̀ bàbà fún ènìyàn dúdú mọ́. Idẹ kan náà ni ọ̀gágun William Slim tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olórí ogun ní Bọ́mà gbà, òun náà sì ni alábàárù láti ilẹ̀ Tiv gbà.

Bí aṣọ ẹbí ni ìràwọ̀ náà rí. Gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ni ayé yóò mọ̀ pé ó wá síbi ìnáwó, ẹni tó bá sì ń wò láti òkèèrè kò ní mọ ẹni tó san owó, ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó kàn wá jẹun. Gómìnà ilé-ìfowópamọ́ àti ìyá aláta lè wọ irú rẹ̀. Bí ìbákan-náà yìí bá jẹ́ òdodo délẹ̀, mi ò ní rí ẹjọ́ rò. Àmọ́ kò délẹ̀. Owó oṣù sójà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kéré sí ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní ipò kan náà. Òyìnbó ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọ́físà. Títí di 1942 tí wọ́n fi Seth Anthony, ọmọ Gold Coast, jẹ ọ́físà, kò sí ọmọ Áfíríkà dúdú kankan láti àwọn ilẹ̀ abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dé ipò náà. Nígbà tí ọ́físà òyìnbó kò sì tó, àwọn ará Poland tí Hítílà lé kúrò nílùú wọn ni wọ́n lọ kó wá fi kún un, wọn kò gbé àwọn sájẹ́ńtì dúdú tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ga. Ìbákan-náà tó wà lára idẹ kò sí nínú ìwé owó, kò sì sí nínú ìwé ìgbéga. Ibi tó ti rọrùn jù láti mú gbogbo ènìyàn dọ́gba ni wọ́n ti mú wọn dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lábẹ́ idẹ náà fínnífínní. Nǹkan bíi 90,000 ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló wọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ju ìdajì wọn lọ. Wọ́n wà nínú Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82. Nígbà tí àwọn ti 81 fẹ́ wọ àfonífojì odò Kaladan, kò sí ọ̀nà. Ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà máìlì 75 gba orí òkè, tí ayé sì ń pè é ní Ọ̀nà Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Láti ibẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí ènìyàn ló sì ń ru gbogbo rẹ̀ nínú igbó. Dífíṣọ̀n méjèèjì ní báàjì tiwọn, tí wọ́n rán mọ́ apá aṣọ. Ti 81 jẹ́ aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ ìyeyè, Ananse inú ìtàn àwọn Akan. Ti 82 ni mo fẹ́ràn jù: ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn, tí wọ́n gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká gidi ni o, èyí tí alábàárù ń fi sórí kó tó gbé ẹrù. Ẹni tó ya báàjì yẹn mọ irú ogun tí wọ́n jà. Ó fi ohun tó wà lórí alábàárù sí ipò kan náà pẹ̀lú ohun ìjà. Bí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìràwọ̀, a ó rí i pé báàjì aláṣọ tó ń gbó mọ́ aṣọ sọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn náà ju idẹ tó máa pẹ́ láyé lọ.

Kí á mú ènìyàn kan ṣoṣo nínú wọn. Isaac Fadoyebo jẹ́ ọmọ Emure-Ile nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun ní 1942, iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì kọ́ ọ. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan yọ sí wọn ní Nyron, létí odò Kaladan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, eegun itan rẹ̀ ṣẹ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ló kù nínú igbó lẹ́yìn tí àwọn tó yè ti sá lọ. Àwọn ará abúlé ń yọ́ bu oúnjẹ wá fún wọn, nígbà tó yá ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Shuyiman kó wọn sílé rẹ̀, ó sì fi wọ́n pamọ́ bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé ikú ni bí Japan bá mọ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n lò kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó tún gba àgbègbè náà ní ìparí 1944. Fadoyebo padà sílé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń tiro, ó sì gbé ayé títí di 2012. Òfin Ìràwọ̀ Bọ́mà ní ọjọ́ kan péré ní Bọ́mà tó láti gbà á. Ẹni tó lo ọjọ́ kan níbẹ̀ tó padà láì fara pa, àti ẹni tó fi oṣù mẹ́sàn-án sá pamọ́ pẹ̀lú egungun tó ṣẹ́, ẹ̀dà idẹ kan náà ni wọn yóò gbé kọ́ àyà. Mi ò sọ pé kí wọ́n ṣe ìràwọ̀ ọ̀tọ̀ fún ìyà. Ohun tí mo ń sọ ni pé, bí idẹ bá ti jẹ́ ọ̀kan náà fún gbogbo ayé, orúkọ nìkan ló kù tó lè so idẹ kan pọ̀ mọ́ ìtàn kan, orúkọ ọ̀hún gan-an ni wọ́n sì yọ kúrò.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé ọ̀rọ̀ owó àti àkókò ni. Ogun ti run ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n jẹ gbèsè lọ́rùn, àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ irin fín kò tó, àìmọye mílíọ̀nù àmì ló sì wà nílẹ̀ láti ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn gba tiwọn láì ní orúkọ. Ṣùgbọ́n ìjọba Íńdíà fín orúkọ sí ti àwọn ọmọ ogun rẹ̀, Gúúsù Áfíríkà àti Ọsirélíà náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà ti ogun bọ̀. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe. Ilẹ̀ tó bá ní ìjọba tó fẹ́ ẹ ṣe é. Ta ni ìjọba Nàìjíríà ní 1945? Gómìnà tí Lọ́ńdọ̀nù yàn ni. Bàbá Fadoyebo kò ní aṣòfin tí yóò dìbò fún, tí yóò sì ní kó lọ bi wọ́n léèrè ìdí tí orúkọ ọmọ òun kò fi sí lára ìràwọ̀. Àìní owó kan gbogbo wọn. Àìní ẹnu nìkan ni kò kan gbogbo wọn.

Ẹlòmíràn yóò gba ọ̀nà òdìkejì yọ. Yóò ní ogun òyìnbó ni, idẹ òyìnbó ni, kí ló kàn wá bí wọ́n kọ orúkọ sí i tàbí wọn kò kọ? Kí a dà á sáàtàn. Ẹni tó bá ń sọ báyìí yẹ kó wo àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà. Dodan, tí bárékè ológun tó wà ní Ìkòyí ń jẹ́, tí a máa ń gbọ́ lórí rédíò láyé ìjọba ológun, ibi kan ní Bọ́mà ni. Arakan ti Àpápá, agbègbè etí òkun Bọ́mà ni. Letmauk ti Ìbàdàn, Bọ́mà ni. Marda ti Yábàá ni ọ̀nà òkè Etiópíà tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà kò ju ogun yìí nù lẹ́yìn òmìnira, inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ sọ ilé wọn. Ẹ wá wò ó, àwa náà tẹ̀lé àpẹẹrẹ ẹni tó ṣe ìràwọ̀: orúkọ ibi ni a kọ sára ògiri, a kò kọ orúkọ ènìyàn. Bárékè Chari Maigumeri tó wà ní Lọ́kọ́ja ló yàtọ̀, tí wọ́n fi sọrí sájẹ́ńtì-mejọ̀ kan tó kọ́kọ́ jagun fún Jámánì ní Kamẹrúùnù, tó gba àmì ẹ̀yẹ Iron Cross lọ́wọ́ wọn, kó tó wá di sójà Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí irú rẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sì ní òun kò fẹ́ idẹ Gẹ̀ẹ́sì, mo gbà, ṣùgbọ́n kí ó má ju ọkùnrin tó gbé e kọ́ àyà nù pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n lè fi dá mi lóhùn: wọ́n kọ orúkọ, ibòmíràn ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ní Taukkyan, lẹ́bàá ìlú Rangoon ní Bọ́mà, ilé ìrántí kan wà tí wọ́n fín orúkọ àwọn bíi 27,000 tí a kò mọ ibojì wọn sí lára òpó rẹ̀, àwọn ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ fún ìyìn. Àmọ́ òkú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó kú ní Bọ́mà ni ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sára òkúta. Ẹni tó yè é bọ̀ gba idẹ òfìfo. Àní nínú ilé ìrántí náà, èdè márùn-ún ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére, Gẹ̀ẹ́sì, èdè Bọ́mà, Híńdì, Úrúdù àti Púńjábì tí àwọn Sikh ń fi lẹ́tà Gurmukhi kọ. Kò sí Haúsá, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ sójà Nàìjíríà, kò sí Yorùbá, kò sí Ìgbò, kò sí Twi. Àwọn òǹkọ̀wé ló ń bá ìjọba kọ èyí tó kù. Fadoyebo kọ ìtàn tirẹ̀ fúnra rẹ̀, David Killingray sì bá a gbé e jáde ní 1999. Biyi Bandele, tí bàbá rẹ̀ jagun ní Bọ́mà, kọ ìwé ìtàn-àròsọ lórí rẹ̀ ní 2007. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ̀ tó fún ọmọ ogun tó pọ̀ tó báyẹn.

Wọ́n máa ń ní ó ti pẹ́ jù láti ṣàtúnṣe. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn atukọ̀ tó gba òkun yìnyín kọjá lọ sí Rọ́ṣíà nígbà ogun náà kò dákẹ́ ẹjọ́, wọ́n ní àwọn kò rí ìràwọ̀ gbà, ní 2013, ọdún 68 lẹ́yìn ogun, ìjọba ṣe Arctic Star fún wọn, onígun mẹ́fà bíi ti ìyókù, àmì George Kẹfà láàárín rẹ̀. Bí wọ́n bá lè padà sẹ́yìn ṣe ìràwọ̀ tuntun, ohun tí à ń béèrè kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn sójà Nàìjíríà ìgbà ogun náà ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, orúkọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ẹni tó bá ní ìràwọ̀ bàbá-bàbá rẹ̀ nílé, kó wá ìwé owó sójà tàbí ìwé ìdásílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó wà pẹ̀lú rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà náà àti orúkọ náà sílẹ̀, kó sì fi wọ́n pamọ́ sójú kan náà pẹ̀lú idẹ. Ní ti ìjọba àpapọ̀ àti àwọn yunifásítì wa, ohun tó kàn wọ́n ni kí wọ́n to àwọn orúkọ náà pọ̀, abúlé kan tẹ̀lé òmíràn, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè tí àwọn ọmọ ọmọ wọn lè kà.